Iye tí Ojú Owó Ń Náni: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Owó Ìdókòwò Aládàáni nílẹ̀ Yorùbá láti Nǹkan bí 1850

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òpìtàn wa kì í sábàá bi oníṣòwò ayé àtijọ́. Wọ́n a máa bi í pé èló ni ó rí lérè, wọn kì í bi í pé ṣé èrè náà tó iye tí owó tí ó fi dókòwò ń ná an. Ẹni tí ó yáwó ní èlé mọ iye yìí dáadáa, nítorí pé ayánilówó yóò wá gba èlé rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ àdéhùn bá pé. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ṣòwò ni kì í tètè mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Síbẹ̀ owó ara ẹni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tí ó ń náni ni èrè tí à bá ti rí bí a bá gbé owó náà fún ẹlòmíràn, tàbí tí a bá fi ṣe òwò mìíràn tí ewu rẹ̀ kò ju ti èyí lọ.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò kò ṣòro láti rí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ọrọ̀-ajé Èkó àti Ìbàdàn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, a máa ń kà pé àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá ṣubú nítorí ìnáwó àpà, òkú ṣíṣe àti àìmọ ìwé òwò kọ. A kò sọ pé kò sí èyí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a kò bá kọ́kọ́ ṣírò iye tí ojú owó ń ná oníṣòwò kọ̀ọ̀kan, a kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dá a lẹ́bi. Ọkùnrin méjì lè ta epo kan náà ní iye kan náà ní etí ọ̀sà kan náà, kí ọ̀kan là, kí èkejì jẹ gbèsè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ya ọ̀lẹ tàbí àpà.

Ojú owó, èlé àti èrè

Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. Ojú owó ni owó tí a kọ́kọ́ kó sílẹ̀. Èlé ni àfikún tí ayánilówó ń gbà. Èrè ni ohun tí ó kù sí oníṣòwò lọ́wọ́. Bí obìnrin ọlọ́jà bá sọ pé òun ti ń jẹ ojú owó, gbogbo ọjà mọ ohun tí ó ń sọ: ohun tí ó ń pè ní èrè kì í ṣe èrè mọ́, ara ìpìlẹ̀ òwò ni ó ń bù jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí a kò fún ní orúkọ ọ̀tọ̀ ni iye tí ojú owó fúnra rẹ̀ ń náni, yálà a yá a ni tàbí a kò yá a. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pè é ní iye ojú owó.

Ní ìlú òyìnbó pàápàá, kò tíì pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ìlànà lé ìṣirò yìí. Franco Modigliani àti Merton Miller kọ àpilẹ̀kọ wọn tí ó lókìkí lórí rẹ̀ ní 1958; William Sharpe sì gbé ọ̀nà tí a fi lè so iye ojú owó mọ́ ewu kalẹ̀ ní 1964. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn gbára lé ọjà ìpín ìdókòwò. Ibẹ̀ ni a ti ń rí iye tí àwọn ènìyàn ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, tí a sì lè fi mọ iye èrè tí wọ́n ń retí. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ní ìpín lọ́jà. Kò sí ẹni tí ó ń dá iye lé e láràárọ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ iye ojú owó rẹ̀?

Ó yani lẹ́nu pé ọtí ni ó kọ́kọ́ fa ìbéèrè yìí sójútáyé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1920, àwọn ilé ìpọntí tí ó jẹ́ ti àdáni pàdánù iyì orúkọ àti àwọn oníbàárà wọn, àwọn aláṣẹ owó-orí sì ní láti mọ iye ohun tí wọ́n pàdánù. Ìwé ìlànà tí wọ́n kọ lọ́dún náà pín èrè ilé-iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó yẹ kí dúkìá tí a lè fojú rí mú wá, àti èyí tí orúkọ rere mú wá. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà yìí sọ ní 1968, wọ́n fi ìdá 8 nínú 100 àti ìdá 15 fún òwò tí ewu rẹ̀ kéré, wọ́n sì fi ìdá 10 àti ìdá 20 fún èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀. Ní 1959, ìwé ìlànà mìíràn láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ kan náà ti kìlọ̀ pé kò sí ìṣirò kan tí ó bá gbogbo ilé-iṣẹ́ aládàáni mu, pé àfi kí a wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ: a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí owó tí kò léwu rárá lè mú wá, a ó sì máa fi iye ewu kọ̀ọ̀kan lé e lórí. Ewu pé òwò lè dàrú wà níbẹ̀. Ti pé ilé-iṣẹ́ náà kéré wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ti pé ẹni tí ó bá fẹ́ tètè yọ owó rẹ̀ kúrò kò ní rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wo ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé àwọn baba àti ìyá wa ń dá iye lé gbogbo ewu wọ̀nyí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìwọ̀fà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Ibi tí ó dára jù lọ láti bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀fà. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílé ni, olówó rẹ̀ kò lè tà á, ó sì ní oko tirẹ̀. Àdéhùn tí ó wà láàárín wọn ni pé yóò máa fi apá kan ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún olówó títí owó tí a yá yóò fi di sísan. Lóko, ebè ni a fi ń wọn iṣẹ́ náà. Kókó ọ̀rọ̀ wa sì nìyí: iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín ojú owó kù. Bí ó sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ni yóò san kí ó tó dòmìnira. Iṣẹ́ náà, èlé ni.

Nítorí náà, bí a bá lè mọ iye iṣẹ́ ìwọ̀fà, a ó mọ iye èlé. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé owó tí a yá tó láti gba alágbàṣe fún 200 ọjọ́. Ká tún sọ pé, lẹ́yìn tí a bá yọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà, ọjọ́ ìnáwó ẹbí àti ọjọ́ àìsàn kúrò, ìwọ̀fà ń sin olówó ní ìdajì ọjọ́ fún 200 ọjọ́ nínú ọdún. Ìdajì ọjọ́ ní ọ̀nà 200 jẹ́ odidi ọjọ́ 100. Èyí já sí pé olówó ń gba ìdajì ojú owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ìdá 50 nínú 100, ojú owó sì wà lódidi. Bí owó tí a yá bá tó gba alágbàṣe fún 400 ọjọ́, èlé yóò jẹ́ ìdá 25. Àwọn iye wọ̀nyí kò ti inú ìwé àkọsílẹ̀ kankan wá. Ohun tí a fi wọ́n ṣe ni láti fi ọ̀nà hàn. Olùwádìí tí ó bá rí iye owó alágbàṣe àti iye tí a yá ní ìlú kan ní ọdún kan lè fi iye tòótọ́ rọ́pò wọn.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú oníṣòwò tí kò yáwó rárá? Òun gan-an ni ó kàn jù. Ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan nílé, ìyẹn 20,000 ẹyọ, lè fi gba ìwọ̀fà kí ó sì máa gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wá kó owó náà lọ ra aṣọ àti iyọ̀ láti tà lókè ọya, tí èrè rẹ̀ ní òpin ọdún kò tó ohun tí ìwọ̀fà ìbá mú wá, àdánù ni ó ṣe, bí ó tilẹ̀ ń yọ̀ pé òun jèrè. Ìwọ̀fà ni ó dá iye ojú owó sílẹ̀ fún gbogbo òwò àdáni tí ó wà láyìíká rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí a rí nínú rẹ̀. Láti àárín sẹ́ńtúrì náà ni àwọn oníṣòwò òyìnbó, àwọn ará Jámánì ní pàtàkì, ti ń kó owó ẹyọ láti ìhà Zanzibar wá sí Èkó ní ọ̀pọ̀ yanturu. Iye owó ẹyọ sì wálẹ̀ gidigidi kí sẹ́ńtúrì náà tó parí. Ẹni tí ó yá ènìyàn lówó ẹyọ tí ó sì gba owó ẹyọ padà lẹ́yìn ogún ọdún ti pàdánù apá tí ó pọ̀ nínú ojú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ kò wálẹ̀, nítorí pé ebè ni ó ń gbà, kì í ṣe owó ẹyọ. Ebè ọgọ́rùn-ún, ebè ọgọ́rùn-ún ni, ohun yòówù kí Zanzibar kó wá. Lójú tiwa, ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí àṣà náà fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí owó kò dúró sójú kan.

Àwìn, ogun àti Ìyálóde

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Nínú eré náà, òǹrorò ni. Ó tọ́ kí olùkọ́ jẹ́ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé Ẹfúnṣetán inú ìtàn ní ìhà mìíràn: oníṣòwò ńlá ni, olóko ńlá ni, ó sì jẹ́ ẹni tí ó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olóyè ogun Ìbàdàn. Ìwádìí àwọn òpìtàn bíi Bọ́láńlé Awẹ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé gbèsè àwọn olóyè wọ̀nyí ń pọ̀ sí i, pé Ìyálóde kò fẹ́ tún máa kó ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn láwìn mọ́, àti pé èyí wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi kàn án ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo òwò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òwò. Jagunjagun tí ó gba ẹ̀tù láwìn yóò fi ẹrù ogun san án bí ó bá ṣẹ́gun. Bí ó bá kú sógun tàbí tí ogun bá lé e, gbèsè rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ká sọ pé nínú àwọn ajẹgbèsè mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọjà ọ̀kẹ́ kan, mẹ́ta ni kò ní san. Ká sọ pé oníṣòwò náà fẹ́ rí ìdá 20 nínú 100 péré lórí ojú owó rẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjìlá ni ó gbọ́dọ̀ wọlé, lọ́wọ́ ènìyàn méje. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méje náà yóò san ọ̀kẹ́ kan àti ìdá 71 nínú 100 lé e. Lójú ẹni tí ó ń san án, èlé ìdá 71 nìyí, ọ̀dájú sì ni ẹni tí ó ń gbà á. Lójú ẹni tí ó ń gbà á, ìdá 20 ni gbogbo ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́. Ìyókù, àwọn tí kò san ni ó jẹ ẹ́.

Òwe wa sọ pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje. Ìwà ọmọlúwàbí ni a sábà máa ń fi kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iye ojú owó tún wà nínú rẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni ìdógò rẹ̀ àkọ́kọ́, bí orúkọ náà bá sì bàjẹ́, owó kékeré pàápàá yóò wọ́n an. Gbígba gbèsè náà ní ìnáwó tirẹ̀. Johnson ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí a ń rán lọ jókòó ti ajẹgbèsè nílé rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa pa adìẹ ilé náà jẹ, títí ẹbí yóò fi wá owó náà. Ológò kì í ṣiṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ta ni ó tó rán ológò lọ sí ilé Ààrẹ? Bí ajẹgbèsè bá lágbára ju olówó lọ, kò sí iye èlé tí ó lè bo ewu rẹ̀, àfi kí olówó dá àwìn dúró. Ohun tí Ìyálóde ṣe nìyẹn.

Èkó àti owó Lọ́ńdọ̀nù

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní 1851, tí ọkọ̀ ojú omi oníná sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá déédéé láti 1852, òwò epo pupa àti èkùrọ́ gbilẹ̀ ní Èkó. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó ọjà fún àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí láwìn, àwọn yẹn náà ń kó o fún àwọn alágbàtà láwìn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó ń fọ epo lábúlé. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ohun tuntun kan wọlé: ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, èyí tí a lè fi dógò. Kristin Mann, nínú ìwé rẹ̀ lórí Èkó tí ó jáde ní 2007, ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí bí ilẹ̀ àti ilé ṣe di ohun ìdógò àwìn, àti bí àwọn olówó ọmọ Èkó bíi Táíwò Olówó pẹ̀lú ṣe ń fúnni láwìn.

Ibí yìí gan-an ni a ti ní láti fi iye ojú owó ẹni kan wé ti ẹlòmíràn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Consols ń san ìdá 3 nínú 100 lọ́dún títí di 1888, kí wọ́n tó tún dín in kù. Iye owó tí kò léwu nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Liverpool tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní orúkọ rere ń yáwó ní iye tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ọmọ Èkó tí ó ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ń san iye mìíràn, èyí tí a fi pamọ́ sínú iye ọjà, nítorí pé iye àwìn kì í ṣe iye ojú ẹsẹ̀.

A ó tún fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Oníṣòwò méjì ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́wọ́ wọn, èrè àwọn méjèèjì kí èlé tó jáde jẹ́ ìdá 20 lọ́dún. Ẹni àkọ́kọ́ ń san ìdá 6 lórí ojú owó, èkejì ń san ìdá 20. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń fi ohun tí ó ṣẹ́kù sínú òwò lọ́dọọdún, tí iye wọ̀nyí kò sì yí padà, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn rẹ̀ yóò di nǹkan bí 371 pọ́n-ùn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ti ẹnìkejì yóò ṣì wà ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá dé Èkó ní ọdún kẹwàá yóò rí ilé ńlá ní ọ̀nà kan àti ìsọ̀ kékeré ní ọ̀nà kejì, yóò sì fẹ́ mọ irú ìwà tí onísọ̀ kékeré náà ń hù. Nígbà tí iye epo pupa wá já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé láàárín ọdún 1880 sí 1889, ìdá 20 náà kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n èlé kò wálẹ̀, ilé tí a fi dógò sì lọ.

Báńkì kò tètè yí èyí padà. Báńkì tí a dá sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1894 sọ Èkó di ibùdó rẹ̀ pàtàkì, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ń gba owó wọn pamọ́, wọn kì í yá wọn. Ìráhùn yìí wà nídìí báńkì àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn kan ṣubú kíákíá; National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akínọlá Májà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1933, ni ó dúró, Agbọ́nmágbẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1945, èyí tí ó di Wema lẹ́yìn náà.

Òṣómàáló àti sọgúndogójì

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún fi iye ojú owó ṣe orúkọ. Òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gba owó mi: èyí ni àwọn ènìyàn gé kúrú di òṣómàáló. J. D. Y. Peel ṣe àlàyé wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1983 lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló kì í dárúkọ èlé. Aṣọ ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n bí aṣọ tí ìwọ yóò rà ní ṣílè mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀ bá di ṣílè mẹ́tàlá nítorí pé oṣù mẹ́fà ni ìwọ yóò fi san án, ìdá 30 lo san fún ìdajì ọdún, ìdá 60 fún odidi ọdún. Nínú ìdá 60 yìí ni bàtà rẹ̀ tí ó jẹ tán wà, àti oorun tí ó sùn ní ìlú onílùú, àti ọjọ́ tí ó fi lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó sá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. A kò gbọdọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí èrè. Owó iṣẹ́ òṣómàáló fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a yọ ọ́ kí a tó sọ iye tí ojú owó rẹ̀ mú wá. Àṣìṣe yìí ni ó pọ̀ jù nínú òwò àdáni títí di òní: olówò kò san owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀, ó wá rò pé owó òun ni ó bímọ.

Sọgúndogójì ní tirẹ̀ kò fi nǹkan pamọ́. Orúkọ rẹ̀ ni iye rẹ̀: yóò sọ ogún di ogójì. Tóyìn Fálọlá ti kọ̀wé lórí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí ó gbóríyìn fún wọn. Àwa náà kò ní gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ìṣirò: bí ìdajì àwọn tí ó yáwó lọ́wọ́ sọgúndogójì kò bá san rárá, ojú owó rẹ̀ nìkan ni ó padà wọlé, kò jèrè kọ́bọ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni kò san, ìdá 80 ni èrè rẹ̀, ìyẹn sì ni ìrẹ́jẹ. Orúkọ èlé nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́. Iye àwọn tí kò san ni a ní láti wá, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí ó wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìbàdàn sì jẹ́ ibi tí olùwádìí lè ti bẹ̀rẹ̀.

Èsúsú àti àjọ

William Bascom kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952, àwọn ẹlòmíràn sì ti tẹ̀lé e. Nínú èsúsú, kò sí èlé tí a dárúkọ. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń dá, iye kan náà ni wọ́n ń kó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o gba owó ìdókòwò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó yá a fún un. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi ń wà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o. Bí ẹgbẹ́ bá ń yí ipò padà lọ́dọọdún, a ń pín iye ojú owó náà ká láàárín ara wọn ni.

Ti àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀, ó sì yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí. Obìnrin kan ń dá ọgọ́rùn-ún náírà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ mú ti ọjọ́ kan, ó sì kó 3,000 náírà fún un. Gbogbo ènìyàn rò pé ọgọ́rùn-ún náírà nínú 3,100 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kì í ṣe 3,100 látìbẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni lọ́jọ́ kìíní, igba lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè. Bí a bá pín in dọ́gba fún ọjọ́ 31, 1,600 náírà ni. Ọgọ́rùn-ún lórí 1,600 jẹ́ ìdá 6.25 nínú 100 fún oṣù kan, ìdá 75 fún ọdún kan. Kì í ṣe èlé tí ó gbà nìyẹn o, èlé tí ó san ni, lórí owó ara rẹ̀, kí ó má baà ná an. Ẹni tí ó bá ń san bẹ́ẹ̀ kí owó lè dúró jẹ́ ká mọ bí ojú owó ti níye lórí tó lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí oníṣirò Amẹ́ríkà tí yóò rí èyí nínú ìwé ọjà ìpín ìdókòwò.

Kòkó, alájẹṣẹ́kù àti ìgbà tiwa

Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń fi òfin dí ìwọ̀fà lọ́nà láàárín ọdún 1920 sí 1940, igi kòkó ni ó gba ipò ènìyàn. Galletti, Baldwin àti Dina, tí ìwé wọn lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó jáde ní 1956, rí i pé fífi oko kòkó dógò wọ́pọ̀. Nínú irú ìdógò yìí, olówó yóò máa ká kòkó, kíká náà ni èlé, ojú owó yóò sì dúró bí ó ti wà. Ìwọ̀fà ni, ewé nìkan ni ó fi bora. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1935 lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe, ni ohun àkọ́kọ́ tí ó dín iye ojú owó àgbẹ̀ kù ní tòótọ́, nítorí pé àwọn aládùúgbò mọ ẹni tí yóò san ju bí báńkì ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọn kò nílò láti fi ìdá 71 bo àwọn mẹ́ta tí kò ní san, nítorí pé wọn kò ní yá àwọn mẹ́ta náà.

Ọjà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1961. Láti ìgbà náà ni a ti ní ibi kan tí a ti lè rí iye tí àwọn ènìyàn ń retí lórí owó ìdókòwò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé, ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti oko adìẹ kò sí níbẹ̀. Títí di 1987, ìjọba ni ó ń fi òǹtẹ̀ lu iye èlé báńkì, iye náà sì sábà máa ń kéré sí bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó rí owó báńkì yá fẹ́rẹ̀ẹ́ má san nǹkan kan. Ẹni tí kò rí i yá ń san ti sọgúndogójì. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú 100, èyí tí báńkì mìíràn ń fi èlé tiwọn lé lórí. Ní ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi mílíọ̀nù kan náírà ara rẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ wa, tí ó rí 250,000 náírà ní òpin ọdún lẹ́yìn tí ó ti san owó òṣìṣẹ́ àti owó iná, yóò sọ pé òun jèrè. Bí a bá yọ owó iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún kan ṣe kúrò nínú rẹ̀, tí a sì fi ìyókù wé ìdá 27.5, a ó mọ̀ bóyá èrè ni, tàbí ojú owó ni ó ń jẹ.